Máìlì Mélòó Ni Awakọ̀ Tírélà Lè Rìn Lọ́sẹ̀ Kan ní Amẹ́ríkà Láìrú Òfin?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba CDL, ìyẹn láísẹ́ńsì awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ni, Houston níbí ló ń gbé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Kọ́ńpìnnì kan ti gbà mí, wọ́n ní màá máa rin máìlì 4,000 lọ́sẹ̀. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀?" Mo bi í pé ṣé wọ́n á fún un lẹ́nìkejì nínú ọkọ̀ ni. Ó ní rárá, òun nìkan ni. Ó ti ń fi máìlì 4,000 yẹn ṣírò owó ilé, owó ọkọ̀ àti èyí tí yóò máa fi ránṣẹ́ sílé. Mo ní kó lọ mú bírò àti ìwé wá.

Ohun tí a jọ ṣírò lórí fóònù lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ní Houston, ní Dallas, ní Atlanta, tí wọ́n gba láísẹ́ńsì tán tí wọ́n sì lọ buwọ́ lu gbèsè ọkọ̀ lórí máìlì tí ẹnìkan ṣoṣo kò lè rìn láìṣẹ̀ sófin. Ó máa ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sọ iye máìlì tí awakọ̀ lè rìn lọ́sẹ̀. Wákàtí ni wọ́n ń kà. Máìlì yín ni ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wákàtí ìkẹ́rù, àyẹ̀wò ọkọ̀, epo àti ìdúró kúrò, tí ẹ wá fi ìwọ̀n ìsáré yín gan-an ṣírò ìyókù. Awakọ̀ ànìkàndá tó mọṣẹ́, tí ẹrù rẹ̀ ò sì falẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí, máa ń wà láàárín 2,500 sí 3,000. Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo nǹkan bá lọ geere, ó lè kan 3,200 tàbí kó lé díẹ̀. Àwòrán lásán ni 4,000 fún ẹnìkan ṣoṣo.

Kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òfin náà kàn yín

Àjọ FMCSA, tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà, ló ni òfin yìí. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ọkọ̀ tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ pọ́ùn 10,001 sókè kó ẹrù òwò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa box truck (ọkọ̀ akẹ́rù oní-àpótí) tí kò béèrè CDL, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. CDL bẹ̀rẹ̀ láti pọ́ùn 26,001, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ṣe rò pé bí ọkọ̀ àwọn bá ti jẹ́ 26,000, òfin wákàtí ò kan àwọn. Ó kàn yín. Ó kan ẹni tó ń fi pickup fa tírélà gígùn náà, bí àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn méjèèjì bá ti tó 10,001. Mo ti rí ẹni tí wọ́n dá dúró níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní log, ìyẹn àkọsílẹ̀ wákàtí iṣẹ́.

Bí ẹ kò bá kúrò nínú ìpínlẹ̀ kan rárá, tí ẹrù náà kò sì jẹ́ ara ìrìnàjò tó ti òde ìpínlẹ̀ wá, òfin ìpínlẹ̀ yẹn lẹ óò tẹ̀ lé. Texas, fún àpẹẹrẹ, gbà kí awakọ̀ abẹ́lé wakọ̀ fún wákàtí 12 lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 8. Àwọn tí kò kọjá 150 air mile (máìlì tí a wọ̀n tààrà, bí ẹyẹ ṣe ń fò) sí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n sì ń padà síbẹ̀ kí wákàtí 14 tó pé, kò pọn dandan kí wọ́n ní ELD, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń kọ wákàtí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń sùn lójú ọ̀nà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ibí lọ.

Àwọn aago tó ń kà lórí yín

Ẹ fojú inú wò ó pé aago mẹ́ta ló so mọ́ ara ògiri inú ọkọ̀ yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti parí, ẹ ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́, ì báà jẹ́ pé wákàtí ṣì kù lórí àwọn yòókù.

Aago kìíní ni wákàtí 11. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi wákàtí 10 gbáko láìdáwọ́ dúró, wákàtí 11 lẹ lè fi di sítíárìn mú. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn nìkan ni aago yìí ń kà.

Aago kejì ni wákàtí 14, òun ló sì ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èyíkéyìí, kódà bó jẹ́ pé táyà lẹ ń wò. Kì í dúró. Ẹ jẹun, ó ń kà. Ẹ rà epo, ó ń kà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, aago 8 alẹ́ ni ìwakọ̀ tán lọ́jọ́ náà, yálà ẹ ti lo wákàtí 11 yín tàbí 5 péré. Ẹ ṣì lè ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, bíi kí ẹ já ẹrù. Ìwakọ̀ ni wọ́n fòfin dè. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dá aago yìí dúró, màá dé ibẹ̀.

Aago kẹta ni wákàtí 70 láàárín ọjọ́ 8. Bí kọ́ńpìnnì yín kì í bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀, 60 láàárín ọjọ́ 7 ni tiyín. Gbogbo iṣẹ́ ló ń wọ inú 70 yìí: ìwakọ̀, àyẹ̀wò ọkọ̀, ríra epo, jíjá ẹrù. Bí ó bá kún, ẹ dúró títí wákàtí àtijọ́ yóò fi jábọ́ lẹ́yìn, tàbí kí ẹ sinmi wákàtí 34 láìdáwọ́ dúró, kí gbogbo rẹ̀ padà sí òdo.

Ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá ti wakọ̀ fún wákàtí 8 lápapọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwakọ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 tó so kọ́ra. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, wọn ò ní kó jẹ́ ìsinmi gan-an mọ́. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 30 rà epo tí ẹ sì wo táyà, ó ti tó. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ìṣẹ́jú 28 kò jẹ́ ìṣẹ́jú 30, ELD yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dúró dé 32 kí n tó gbé ọkọ̀.

Ẹ wá ìwọ̀n ìsáré yín gan-an

Níbí ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọ́. Wọ́n á wò ó pé kọ́ńpìnnì so ìsáré ọkọ̀ mọ́ máìlì 65 ní wákàtí kan, wọ́n á wá ní 65 lọ́nà 11 jẹ́ máìlì 715 lójúmọ́. Ta ló ń rin ìyẹn? Ẹ óò gba àárín San Antonio kọjá. Ẹ óò yà lọ ra epo. Ẹ óò gun òkè tí tírélà tó kún fún ẹrù yóò fi 35 gùn. Ẹ óò sì wọ California, níbi tí ọkọ̀ oní-áàsù (axle) mẹ́ta sókè kò ti gbọ́dọ̀ kọjá 55, kódà bí mọ́tò kékeré bá ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ ṣí ELD yín, ẹ kó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá jọ. Ẹ fi gbogbo wákàtí ìwakọ̀ pín gbogbo máìlì. Nọ́ńbà tó bá jáde ni ìwọ̀n ìsáré yín, òun nìkan ni kí ẹ máa fi ṣírò. Tèmi máa ń sún mọ́ 56 bí mo bá wà ní ìwọ̀-oòrùn Texas àti Arizona. Bí wọ́n bá gbé mi lọ sí I-95, láàárín Baltimore sí New Jersey, ó ń já wálẹ̀ sí 43, 44. Fún ẹni tí kò tíì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, ẹ mú 50. Mo ti rí i pé 50 kì í tan ni jẹ.

Àwọn tó ń yẹ log wò náà mọ ìṣirò yìí. Òfin mìíràn wà, 392.6, tó ní kọ́ńpìnnì kò gbọ́dọ̀ ṣètò ìrìnàjò tí awakọ̀ kò lè parí láìsáré ju òfin lọ. Àlàyé tí ìjọba ṣe lórí rẹ̀ ni pé níbi tí ìsáré bá jẹ́ 65, máìlì 550 sí 600 láàárín wákàtí 10 jẹ́ ohun tí wọ́n lè béèrè ẹ̀rí lé lórí, 600 sókè sì ni wọ́n á kà sí ohun tí kò ṣeé ṣe láìsáré jù. Níbi tí ó bá jẹ́ 55, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ láti 450, 500 sókè ni wọ́n á sì kà sí ohun tí kò ṣeé ṣe. Òfin ni àwọn ènìyàn máa ń rò pé kò mọ máìlì, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí máìlì bá pọ̀ ju wákàtí lọ.

Ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan

Ọ̀nà méjì ló wà láti lo wákàtí 70 yín.

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ rìn kíkankíkan, kí ẹ wá sinmi wákàtí 34. Ká ní ẹ ń fi wákàtí 11 wakọ̀ lójúmọ́, ẹ sì ń lo wákàtí 1 fún àyẹ̀wò, epo àti ìwé. Wákàtí 12 nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún á gba 60. Wákàtí 10 ló kù fún ọjọ́ kẹfà: 9 fún ìwakọ̀, 1 fún ìyókù. Ìwakọ̀ lápapọ̀ jẹ́ 64. Ẹ wá ká ẹsẹ̀ sókè fún wákàtí 34. Bí ẹ bá fi ìsinmi wákàtí 10 sáàárín ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láìfi nǹkan ṣòfò, gbogbo rẹ̀ á parí kí ọjọ́ méje tó pé. Wákàtí 64 ní ìwọ̀n 50 jẹ́ máìlì 3,200. Ní 45, ó jẹ́ 2,880. Ní 55, ó jẹ́ 3,520, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń rí ìyẹn lọ́sẹ̀ méjì léra, nítorí pé wákàtí 1 lójúmọ́ fún gbogbo ohun tí kì í ṣe ìwakọ̀ kéré gan-an. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò já ẹrù, tí ẹ kò dúró de ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ má ṣe dúró fún wákàtí 34 rárá, kí ẹ máa jẹ ohun tó bá jábọ́ lẹ́yìn. 70 tí ẹ bá fi 8 pín jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tó jẹ́ iye wákàtí iṣẹ́ lójoojúmọ́:

Ọjọ́ Àìkú 9, Ajé 10, Ìṣẹ́gun 8, Ọjọ́rú 9, Ọjọ́bọ̀ 10, Ẹtì 9, Àbámẹ́ta 8. Àpapọ̀ jẹ́ 63.

Ní Ọjọ́ Àìkú kejì, tó jẹ́ ọjọ́ kẹjọ, wákàtí 7 péré ló kù. Ẹ lo 7 náà tán. Bí ọ̀gànjọ́ bá lù, wákàtí 9 ti Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ jábọ́, nítorí náà ẹ jí ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú 9. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, 10 ti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ló máa jábọ́. Ẹ óò rí i pé ohun tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ ń gbà padà lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá yọ wákàtí 1 fún iṣẹ́ mìíràn lójúmọ́, ìwakọ̀ ọjọ́ méje á sún mọ́ wákàtí 54, ìyẹn bíi máìlì 2,700 ní ìwọ̀n 50.

Ọ̀gànjọ́ ta ni? Ti ibùdó kọ́ńpìnnì yín ni, kì í ṣe ti ibi tí ẹ sùn. Houston ni ibùdó tèmi, nítorí náà bí mo bá wà ní Los Angeles, aago 10 alẹ́ ibẹ̀ ni ọjọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí ELD mi. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè sùn fún wákàtí méjì lórí asán, tàbí kó gbé ọkọ̀ kí wákàtí tó wọlé.

Èwo ni mo fara mọ́ nínú méjèèjì? Bí ilé yín bá wà lójú ọ̀nà, ẹ lo wákàtí 34, kí ẹ fi rí ìyàwó àti ọmọ. Bí kò bá sí lójú ọ̀nà, kí ẹ jókòó sí ibùdókọ̀ kan ní New Mexico fún ọjọ́ kan ààbọ̀ láìrí kọ́bọ̀, ó sàn kí ẹ máa jẹ ohun tó ń jábọ́ díẹ̀díẹ̀. Ara á tún balẹ̀ sí i.

Ẹnu ilẹ̀kùn ìkẹ́rù ni máìlì ti ń sọnù

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé abala yìí. Awakọ̀ tó rin 3,000 àti èyí tó rin 2,400 kò fi ìsáré yàtọ̀. Ìdúró ló yà wọ́n.

Nígbà òtútù kan, mo dé ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ dídì kan lẹ́bàá Dallas ní aago 10 àárọ̀, àsìkò àdéhùn gan-an. Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti aago 6. Obìnrin tó wà nídìí fèrèsé gba nọ́ńbà ẹrù mi, ó tọ́ka ilẹ̀kùn fún mi. Mo fi ẹ̀yìn wọlé, iná ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pọ́n. Bí fọ́kílíìfù bá ti wọ inú tírélà, ọkọ̀ máa ń mì, ara ìjókòó ni èèyàn á ti gbọ́ ọ. Mo jókòó sídìí sítíárìn, mo ń retí kí ọkọ̀ mì. Kò mì títí aago 1 fi lù. Aago 4 ni iná tó yí padà sí àwọ̀ ewé. Ní gbogbo wákàtí mẹ́fà yẹn, mo fi log mi sórí "on duty". Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, mo rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wo ojú ELD: wákàtí 6 ti lọ nínú 70 mi, wákàtí 4 péré ló sì kù kí 14 pé. Máìlì 190 ni mo rin lẹ́yìn ìyẹn kí n tó páàkì. Máìlì ni wọ́n ń sanwó fún wa. Kò sẹ́ni tó san wákàtí mẹ́fà náà.

Ohun tí ẹ lè ṣe rèé. Bí wọ́n bá ti gba ìwé lọ́wọ́ yín, tí wọn ò sì ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ kankan, tí ẹ kò dúró ti ẹrù, òfin gbà kí ẹ lọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ sì yí log sí "sleeper berth". Wákàtí yẹn kò wọ inú 70. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ka páálí, tàbí tí ẹ ń ti ẹrù, iṣẹ́ lẹ ń ṣe. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pa irọ́ sí i.

Èyí tó tún lágbára jù ni pípín ìsinmi sí méjì, tí mo ní màá dé. Dípò wákàtí 10 lẹ́ẹ̀kan, òfin gbà kí ẹ pín in: apá kan kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí 7 lórí bẹ́ẹ̀dì, apá kejì kò gbọ́dọ̀ dín sí 2, àpapọ̀ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ tó 10. Nítorí náà 7 pẹ̀lú 3, tàbí 8 pẹ̀lú 2. Bí ẹ bá ti so apá méjèèjì pọ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń jẹ aago 14.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 àárọ̀, ẹ wakọ̀ wákàtí 4. Ẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn ní aago 10, ẹ dùbúlẹ̀ wákàtí 3. Aago 1 ọ̀sán, wọ́n ṣetán. Ẹ wakọ̀ wákàtí 7, ó di aago 8 alẹ́. Ẹ ti lo 11 pé. Ẹ fi wákàtí 1 ra epo, kí ẹ sì parí ìwé, ó di 9. Láti aago 6 sí aago 9 alẹ́ jẹ́ wákàtí 15, ṣùgbọ́n 3 inú rẹ̀ kò kà, 12 ni. Kò sí wàhálà. Ẹ wá sùn wákàtí 7 lórí bẹ́ẹ̀dì títí di aago 4 ìdájí. Nígbà tí ẹ bá jí, ẹ má rò pé ẹ ní 11 tuntun o! Ìṣirò padà sí òpin ìsinmi àkọ́kọ́, ìyẹn aago 1 ọ̀sán. Láti ìgbà náà, ẹ ti wakọ̀ wákàtí 7, nítorí náà 4 ló kù. Nínú 14, ẹ ti lo 8, nítorí náà 6 ló kù. Wákàtí 4 yẹn, ní ìwọ̀n 50, jẹ́ máìlì 200 nígbà tí aago 8 àárọ̀ bá máa fi lù, ẹ sì lè fi débi tí ẹ máa já ẹrù.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́ta lórí ìwé kí ẹ tó gbìyànjú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, àwọn ELD kan kì í sì í fi wákàtí tó kù hàn dáadáa títí tí apá kejì yóò fi pé.

Nísinsin yìí ẹ wo ohun tí ìdúró ń ná yín. Mú ọ̀sẹ̀ 64 wákàtí yẹn. Ká ní ẹrù mẹ́rin lẹ gbé, ìkọ̀ọ̀kan sì fi wákàtí 3 dá yín dúró, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́. Wákàtí 12 lọ. Ìwakọ̀ di 52, máìlì di 2,600. Máìlì 600 sọnù. Bí wọ́n bá ń san sẹ́ǹtì 60 fún máìlì, dọ́là 360 ni, lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ gba ẹrù

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n pè yín: ẹrù láti Houston sí Los Angeles, máìlì bíi 1,550, ẹ gbé e ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó dé ní alẹ́ ọjọ́rú. Ẹ fi 50 pín 1,550, ó jẹ́ wákàtí 31. Ìyẹn jẹ́ 11, 11 àti 9. Ọjọ́ kìíní, máìlì 550, ẹ ti kọjá Fort Stockton díẹ̀. Ọjọ́ kejì, 1,100, ẹ ti wà lágbègbè Tucson. Ọjọ́ kẹta, 450 ló kù, òpin rẹ̀ sì wà ní California níbi 55. Ó ṣeé ṣe bí ẹ bá ní ó kéré jù wákàtí 34 lórí 70 yín ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé: 31 fún ìwakọ̀, 3 fún ìyókù. Bí ó bá jẹ́ 25 ló kù, tí ohun tó máa jábọ́ ní òru méjì yẹn kò sì tó 9, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Mi ò lè dé alẹ́ ọjọ́rú, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo lè dé." Ọ̀pọ̀ dispatcher (ẹni tó ń pín ẹrù fún awakọ̀) á lọ tún àdéhùn ṣe, bí wọ́n bá ti tètè gbọ́. Èyí tí wọn kì í fẹ́ ni kí ẹ pè wọ́n láti Phoenix.

Ẹ tún fi ibi páàkì sínú ìṣirò. Bí ilẹ̀ bá ṣú lẹ́bàá ìlú ńlá, àyè tírélà ń kún. Mo máa ń fi ìṣẹ́jú 45 sílẹ̀ lórí wákàtí 11 mi, mi ò sì ka ìyẹn sí òfò.

Bí nǹkan bá yí lójú ọ̀nà

Bí yìnyín tàbí ìkùukùu tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí ẹ gbéra, tàbí ìjàǹbá tó dí ọ̀nà, bá ká yín mọ́, òfin fi wákàtí 2 kún 11 àti 14 yín. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú log. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ Atlanta kì í ṣe ohun tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà kò sí lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "personal conveyance" ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ìwakọ̀ ara ẹni ni, nígbà tí ẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́: ẹ lọ jẹun, ẹ padà síbi tí ẹ páàkì sí. Bí wákàtí yín bá tán lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n sì ní kí ẹ jáde, ẹ lè fi lọ síbi tó sún mọ́ jù tí ẹ ti lè sinmi láìséwu. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sún mọ́ ẹrù tó kàn. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí ní kí n fi rin máìlì 90 lóru kí n lè débi ìkẹ́rù ní àárọ̀. Mo ní rárá. Wọ́n fi mí jókòó fún ọjọ́ méjì láìfún mi lẹ́rù. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òfin wà tó dá mi láre: kọ́ńpìnnì, oníbàárà tàbí alágbàtà ẹrù kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ awakọ̀ kó lè rú òfin wákàtí. Ohun tí òfin náà béèrè ni pé kí ẹ sọ fún wọn ní kedere irú òfin tí iṣẹ́ náà máa mú yín rú. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kó wà ní kíkọ, kí ẹ tọ́jú èsì wọn. Ọjọ́ 90 lẹ ní láti fi ẹjọ́ sun FMCSA.

Àwọn tó ń rò pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀, ẹ rántí pé ELD ti di dandan láti oṣù Kejìlá ọdún 2017. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á ní kí ẹ fi ọjọ́ òní àti ọjọ́ méje tó ṣáájú ránṣẹ́ sí òun, níbi tí ẹ jókòó sí. Bí wákàtí bá ti kọjá, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró síbẹ̀ títí ẹ óò fi sinmi tó, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé yín bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ míì.

Ẹni méjì, àti ẹ̀yin ará Britain

Bí ẹni méjì bá wà nínú ọkọ̀, olúkúlùkù ló ní 70 tirẹ̀. Ọ̀kan ń sùn, ọ̀kan ń wà á. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá rí wákàtí 55 sí 60 fi wakọ̀, máìlì 5,500 sí 6,000 kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ẹni méjèèjì ló máa pín owó rẹ̀, oorun inú ọkọ̀ tó ń rìn kì í sì í ṣe oorun gidi fún gbogbo ènìyàn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò pẹ̀lú ẹni tí ẹ mọ̀wà rẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa HGV (ọkọ̀ akẹ́rù ńlá) ní Britain, òfin tiyín le ju tiwa lọ: ìwakọ̀ wákàtí 9 lójúmọ́, tó lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 56 lọ́sẹ̀, àti 90 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. 90 yẹn ló ń pinnu. Ó jẹ́ wákàtí 45 lọ́sẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n sì so mọ́ 56 kò ní rin ju bíi 45 ní wákàtí kan lọ, nítorí náà máìlì 2,000 ni kí ẹ máa retí.

Ohun tí mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ béèrè

Mo ní kó padà lọ bá kọ́ńpìnnì náà kó tó buwọ́ lùwé. Kó ní kí wọ́n fi ìwé owó ọ̀sẹ̀ méjìlá awakọ̀ ànìkàndá wọn han òun, kí wọ́n fi ọwọ́ bo orúkọ. Kó béèrè bóyá máìlì tí wọ́n ń san ni èyí tí ọkọ̀ rìn gan-an tàbí èyí tó kúrú tí wọ́n ń ṣírò láti ìlú sí ìlú. Kó béèrè láti wákàtí kelòó ni wọ́n ń san owó ìdúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti ta ló ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Kó béèrè bóyá 60 láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n ń lò tàbí 70 láàárín 8. Kó sì fi 2,500 ṣírò owó ilé rẹ̀. Bí ìṣirò náà bá dúró lórí 2,500, kó gba iṣẹ́ náà.